Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Awò Wò Kí Owó Ẹgbẹ́ Tó Jáde

Ọ̀rọ̀ ojú ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń tún pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ṣe ti bẹ ẹ̀ka wa pé kí a ra maikirosíkóòpù olójú méjì kan, tòkunbọ̀, sí yàrá ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn kan fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn ń bèèrè pé kí ló kan awakọ̀ nínú awò.

Ó kàn án púpọ̀. Mọ́tò òde òní, brain box ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tí yóò ta epo. Bí lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá là nínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì lè dúró sí gáréèjì, awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò sì ní rí owó ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pánẹ́ẹ̀lì tí ń darí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Èròjà tí wọ́n ń pè ní 0402 kò gùn ju mìlímítà 1 lọ, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì mìlímítà. Ẹni tí ń fi ojú lásán jó irú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ojú yóò máa ta á, ọrùn yóò máa ro ó. Bí kò bá sì rí ibi tó bàjẹ́, ọ̀gá yóò ní pánẹ́ẹ̀lì ti kú, yóò ra tuntun láti òkè òkun, iṣẹ́ a sì bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni a ń wí. Ìyẹn ń dorí àwòrán kodò, lẹ́ńsì rẹ̀ sì súnmọ́ nǹkan débi pé ayọ́ọ̀nù kò ní ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Stereo ni a fẹ́: ojú ọ̀tún ní ọ̀nà tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀, ọwọ́ a sì mọ bí ibi tí ó ń lọ ti jìn tó. Bausch & Lomb ti Amẹ́ríkà gbé StereoZoom jáde ní 1959. StereoZoom 4 ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 7 títí dé 30 pẹ̀lú awò ojú 10x. Ìyẹn tó wa. Kí ọlọ́jà má fi ìlọ́po 1000 tàn wá jẹ.

Kí a tó sanwó, ẹ fi ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú méjèèjì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àwòrán bá di méjì, tàbí tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣubú rí. Ẹ yí zoom láti kékeré dé ńlá. Àwòrán kò gbọ́dọ̀ ṣú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì: bí ẹ bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, ó ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rinrin ló ń fa èyí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní ti ohun èlò rẹ̀, ìdúró ni kó ṣáájú: alápá gígùn, tí ìdí rẹ̀ wúwo, kí pánẹ́ẹ̀lì ńlá lè gba abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́ńsì 0.5x nísàlẹ̀. Yóò dín títóbi àwòrán kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n àyè ọwọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, òun ni èéfín lẹ́ẹ̀dì yóò sì máa bà dípò lẹ́ńsì gan-an. Ẹ fi iná LED olóbìrípo kún un, àti fáànù tí yóò máa fa èéfín kúrò nímú òṣìṣẹ́. Kámẹ́rà lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èyí yé gbogbo wa: ti yàrá ìkọ́ṣẹ́ nìkan ni owó ẹgbẹ́ yóò rà. Èyí tí a ó fi ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ni kó rà á. Awakọ̀ kì í ra táyà sí ọkọ̀ ọ̀gá. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà pàápàá pàṣẹ pé kí ìmọ́lẹ̀ tó, kó sì yẹ, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí awò àti iná wọ inú àdéhùn tí a ó tún bá àwọn ọ̀gá ṣe.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a yan ẹni mẹ́ta tí yóò lọ yẹ ọjà náà wò: ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì, akápò, àti awakọ̀ kan. Kí owó má jáde títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi wò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.