Ẹni Tí Ń Fẹsẹ̀ Rìn Náà Ni Ó Ni Títì

Bí a bá dúró sí ẹ̀bá títì kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ rí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo tí wọ́n ń lọ sí kíláàsì, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, àwọn ìyá tí wọ́n ru ẹrù ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo títì náà fúnra rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ọkọ̀ nìkan ni a rò nígbà tí a ń là á. Ibi tí ọ̀dà parí sí ni gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ti ń wá ibi tí yóò tẹ̀, tí ọ̀kadà sì ń fọn fèrè sí i lẹ́yìn.

Èrò tiwa ni pé títì àdúgbò kò tíì parí, bí ọ̀dà rẹ̀ ti wù kí ó dán tó, títí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere yóò fi ní àyè tiwọn lórí rẹ̀.

Ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọkọ̀ tí ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ní ìlọ́po mẹ́rin agbára ọkọ̀ tí ń sáré 30, bí ó bá gbá ènìyàn. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà fi gbèǹdéke eré ọkọ̀ sí 50 láàárín ìlú. Ní ọdún 2020, ìpàdé àgbáyé kan ní Stockholm dámọ̀ràn 30 fún ibi tí ènìyàn àti ọkọ̀ ti ń da ẹsẹ̀ pọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ọkọ̀ gẹdú ti ń gba àárín ìlú kọjá, ìyàtọ̀ 50 sí 30 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

A kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tún títì rò. Ní ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ó kú sí ojú pópó ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn ọmọdé inú wọn sì ju 400 lọ. Àwọn òbí fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba gbọ́, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ títì ṣe. Nítòsí wa, àwọn ojú pópó ńlá Ouagadougou ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé ìlànà lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ jáde ní ọdún 2018.

Àwọn kan yóò sọ pé títì wa ti há jù. Títì tí ó há gan-an ni ó yẹ kí ọkọ̀ ti rọra. Mítà mẹ́ta tó fún ọkọ̀ kan tí kò sáré; ìyókù lè di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Gọ́tà tí a fi kọnkéré bò dáadáa, tí a sì lè ṣí láti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, ti di ọ̀nà náà láìwó ilé ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣe é pọ̀ mọ́ iṣẹ́ títì láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí yóò padà wá fọ́ ohun tí ó ti kọ́.

Ìṣòro tí ó le jù ni ti àwọn tí ń pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí a bá kàn lé wọn, ọ̀la ni wọn yóò padà, nítorí ẹsẹ̀ tí ń kọjá ni oníbàárà wọn. Ó tọ́ kí a fi àyè ìpàtẹ sínú àwòrán títì, kí a fa ìlà sí i, kí ọlọ́jà mọ ibi tirẹ̀, kí ẹlẹ́sẹ̀ náà mọ tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní agbègbè Ogun Waterside, omi ni ó ń pàṣẹ. Ní Ìwópìn àti Mákùn-Omi, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ga ju omi òjò lọ kò wúlò fún ẹni tí ń lọ sí ebúté. Nítorí náà, àwòrán kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ìlú mu.

Ta ni yóò ṣe é? Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin ọdún 1999 fi títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìbéèrè náà kan Ìjẹ̀bú-Igbó àti Abígí, níbi tí olú-iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì wà. Ó kan ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò pẹ̀lú. Kí wọ́n yan títì kan péré, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọjà wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n ka iye ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọjá àti iye ọkọ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé tí a ti ń pín owó iṣẹ́. Ẹni tí a kà ni a máa ń rántí.