Ẹja Kì í Gbé Ìta

Nígbàkígbà tí ẹja bá wọ́n lọ́jà Àgbádárìgì, koríko orí omi ni a máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé koríko àjèjì olódòdó yìí gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984, tí ó sì ń dínà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ tiwa ni bèbè omi tí a sọ di ìhòòhò.

Igi ẹ̀gbà, tí í na gbòǹgbò gbọọrọ sínú omi oníyọ̀, ni ilé ọmọ ẹja. Ibẹ̀ ni wọ́n ti í sá fún ẹja ńlá. Ibẹ̀ ni edé ti í dàgbà. Òun náà ni kì í jẹ́ kí omi wó bèbè. A gé e dáko, a sì tún gé e ṣe igi ìdáná láti fi yan ẹja! Ta ni ó wá wó ilé ẹja bí kò ṣe àwa tí a ń jẹ ẹ́?

Kì í ṣe pé a kò ní ìmọ̀. Àwọn apẹja adágún Nokoué, nítòsí Kútọnu, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ omi kí ẹja lè fi ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka òkú a máa jẹrà, a ó sì tún padà lọ gé òmíràn. Igi tó wà láàyè ni ilé tí kì í jẹrà.

Àwọn kan ní kí ìjọba lé àgbẹ̀ kúrò létí odò. Èmi kò gbà. Àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí bèbè odò Yewa kì í ṣe ọ̀tá ẹja. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Láti ọdún 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ Washington àti Oregon tí ó bá yọ̀ǹda etí odò fún igi, nítorí salmon, ẹja tí í ti inú òkun gòkè odò lọ yé ẹyin. Bí ìjọba tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ bá lè bá àgbẹ̀ dúnàádúrà, kí ló dé tí tiwa yóò fi máa halẹ̀?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbẹ̀ kò lówó. Ìjọba kì í sì í sùn létí odò. Kí ìjọba sanwó ilẹ̀, kí àgbẹ̀ àti apẹja jọ gbin igi kí wọ́n sì ṣọ́ ọ: ẹ̀gbà níbi tí iyọ̀ dé, ògùrọ̀ níbi tí kò dé. Kí a sì wá igi ìdáná mìíràn fún àwọn ìyá tí ń yan ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jẹ ọ̀bọ̀kún, kó kọ́kọ́ kọ́lé fún un.