Owó Tó Ń Ṣàn Lábẹ́ Jáàkì

Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tí ẹ yà sí ibi tí àwọn ìyá ti ń yan gàrí, ẹ má tíì wo agbada. Ẹ wo abẹ́ jáàkì. Omi funfun ń kán látinú àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún, ó ń ṣàn lọ sínú kòtò. Òórùn rẹ̀ ò dáa, májèlé inú rẹ̀ sì ń pa ẹja bó bá wọ odò. Ṣùgbọ́n ẹ fi abọ́ gbè é, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì: ẹ ó bá sítáàṣì nísàlẹ̀ rẹ̀, funfun báláú. Àwọn Ùròbò àti Ìṣẹ́kírì ń gbé tiwọn kaná, wọ́n ń fi jẹ ọbẹ̀ bánga. Tiwa, kòtò ló ń mu ún.

Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ owó! Kí Òyìnbó tó bá wa jà nínú Ogun Ìmàgbọ́n lọ́dún 1892, kì í ṣe àwọn bàbá wa ló gbin gbogbo ohun tó ń lọ sí Èkó, àwọn kọ́ ni wọ́n sì ṣe ohun tó ń ti Èkó bọ̀. Àárín ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí. Ibẹ̀ ni èrè wà nígbà náà. Ibẹ̀ náà ló wà lónìí, láàárín ẹ̀gẹ́ tó kúrò lóko àti ohun tí wọ́n fi ṣe kó tó dọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá, ìyẹn lailọ́ọ̀nù, ló mú mi rántí omi abẹ́ jáàkì yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de abọ́ tékáwéè funfun. Rùwáńdà ti lé ọ̀rá kúrò nílùú láti 2008, Kẹ́ńyà ṣe tirẹ̀ ní 2017. Owó kékeré la fi ń ra lailọ́ọ̀nù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó gọ́tà tó dí àti àgbàrá tó wọlé onílé kò sí nínú iye tí ọlọ́jà pè é. Ẹlòmíì ló ń san án.

A lè fi sítáàṣì ṣe ọ̀rá tó ń jẹrà. Ẹ po ó mọ́ omi àti gilisẹríìnì, ẹ kán fínígà díẹ̀ sí i, ẹ gbé e kaná, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi dán, tí yóò sì ki bí ẹ̀kọ. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó gbẹ. Gilisẹríìnì ló ń jẹ́ kó ṣeé ká. Láìsí i, yóò máa ṣẹ́ bí ìpékeré. (Òun náà ò jìnnà sí wa: ara òróró ló ti ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọṣẹ, inú ọṣẹ dúdú ló ń bá gbé láìpariwo.) Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya àrà sára adìrẹ ẹlẹ́kọ, tí aró ò fi ráyè wọ ibẹ̀.

Omi ni ọ̀tá ọ̀rá yìí. Ọ̀rá tó jẹ́ sítáàṣì lásán a máa mu omi, a rọ̀, a já. Ibí ni sẹ́lúlóòsì ti wọlé, ohun tó ń mú igi àti ewéko dúró. Ó wà nínú òwú, nínú èèpo àgbọn, nínú ìhá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo tán, nínú okùn-okùn ẹ̀gẹ́ tí asẹ́ gàrí kọ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á sè é nínú sóódà kó lè tú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wá pò ó mọ́ sítáàṣì. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú kankéré ló ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ ìyá sì ni òun àti sítáàṣì, irú ṣúgà kan náà ló so pọ̀ di àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, yóò ta kókó, ojú kókó ni ọ̀rá yóò sì ti ya.

Ní Bali, ní Indonéṣíà, Kevin Kumala dá ilé iṣẹ́ Avani sílẹ̀ lọ́dún 2014. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ló fi ń ṣe ọ̀rá. Ó ti yọ́ ọ̀kan sínú omi rí, ó sì mu ún lójú àwọn èèyàn. Ẹ̀gẹ́ wọn ò tó tiwa. Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù láyé, ó ju mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún.

Ṣé kí a wá sọ gbogbo ẹ̀gẹ́ Ìmùṣin di ọ̀rá? Rárá o. A ti jó irú ìlù yìí rí. Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2002, Akínwùmí Adésínà tún gbé búrẹ́dì oníyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ dé nígbà tó jẹ́ mínísítà. Àgbẹ̀ gbìn, ẹ̀gẹ́ kún ọjà, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ọ̀rá bá sì ń bá ìyá onígàrí du ẹ̀gẹ́ kan náà, tálákà tó ń mu gàrí ni yóò sanwó rẹ̀. Omi abẹ́ jáàkì àti ìhá ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n má sì gbé ọ̀rá yìí lọ bá lailọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà jà, kò ní lè bá a du owó pọ́ọ́kú. Ibi tí jíjẹrà bá ti jẹ́ èrè ni kí wọ́n tà á sí. Ẹ wo nọ́sìrì kòkó àti ọ̀pẹ. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń gbin ọmọ kòkó sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ́ ọ, wọ́n á ya ọ̀rá náà, gbòǹgbò míì á já, ọ̀rá á sì kù sóko. Ọ̀rá oníhàá lè bá ọmọ kòkó wọ ilẹ̀ pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ fara da omi wíwọ́n fún oṣù mélòó kan kó tó jẹrà. Ìwọ̀n ìhá tó yẹ níbẹ̀ ni ìṣirò tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè àti ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì bá wa ṣe.

Ẹ̀yin olówó Ìjẹ̀bú tí ẹ ń náwó lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ gbé díẹ̀ síbí. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rá péré, ẹ gbin kòkó sí i, ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà kó tó já. Kí ẹ sì sanwó omi abẹ́ jáàkì fún ìyá tó ni ín.