Ihò Eléérú: Ẹ̀kọ́ Tí Kò Yẹ Kí Ó Fo Àwọn Ọmọ Wa

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ibi tí ìtàn ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn àwọn ọmọ wa. Òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé. Òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ìtàn náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú igbó nítòsí Ìsarùn, ní agbègbè Àkúrẹ́, ni Ihò Eléérú wà. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, tí iye wọn lé ní 500,000. Ní ìpele òkè ni wọ́n ti rí àpáàdì ìkòkò àti àáké òkúta dídán, irú èyí tí àwọn baba wa máa ń rí lóko, tí wọ́n sì ń pè ní ẹdùn àrá. Nísàlẹ̀ ni egungun ènìyàn kan wà, ẹni tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2011, àwọn onímọ̀, tí Caleb Folorunso ti Ìbàdàn wà lára wọn, fi hàn pé agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún.

A kò sọ pé èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ohun tó dá wa lójú ni pé àwọn ènìyàn ti fi ọgbọ́n gbé ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rọ irin níbẹ̀.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé irú ẹ̀kọ́ yìí lè mi ìgbàgbọ́ ọmọ. A bọ̀wọ̀ fún àníyàn wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni Shaw fúnra rẹ̀. Ó sàn kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́ tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ju kí ó dá nìkan bá a pàdé lẹ́yìn ọ̀la.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde pé kí ìwé lórí ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wa wà lára ẹ̀bùn àjọ̀dún yìí, kí ẹ sì ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ọmọ lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lójoojúmọ́ ni ọkọ́ àti kátapílà ń hú ohun àtijọ́ jáde nílẹ̀ wa, tí a sì ń dà á nù. Ọmọ tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ Ihò Eléérú yóò mọ̀ pé ó yẹ kí a dáwọ́ dúró, kí a sì pe onímọ̀.