Kámẹ́rà Rí Gèlè, Kò Rí Ojú Ìyá

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, gèlè ni ọ̀rọ̀ lọ wà lọ́jọ́ kan, ni ìjà bá dé.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'ọ́jà Bódìjà ló fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ní kí ìyá àwọn lọ ya fọ́tò ńlá kan tí wọn yóò gbé kọ́ pálọ̀, tí wọn yóò sì fi ṣe kàlẹ́ńdà fún àwọn àlejò. Ìyá wọ aṣọ òfì, ó wé gèlè tó dúró gangan, ó kó iyùn sọ́rùn. Bùọ̀dá fọ́tò náà ò kẹ̀rẹ̀. Lẹ́ńsì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló gbé sẹ́nu kámẹ́rà: lẹ́ńsì 85 mm tí ẹnu rẹ̀ ń là dé 1.8, irú èyí tó máa ń sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn di kùrukùru tó dùn ún wò. Ó yà á, ó yà á, ó yọjú wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dára lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti padà di ọmọge!"

Ọjọ́ tí fọ́tò jáde tòun ti férémù ni ọ̀rọ̀ di bámìíràn. Gbogbo òwú ara gèlè ló ṣeé kà. Iyùn ń dán gbinrin. Etí ìyá mú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì, bí ẹni tó dúró sínú èéfín.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "gèlè ni mo ní kí o yà ni, àbí èmi?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọ́tò ni kámẹ́rà yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tó máa mú."

"Ẹn-ẹ́n? Bí wọ́n bá wọn èlùbọ́ kù fún ọ nísọ̀ mi, ṣé kóńgò lo máa bá jà?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìyá ní òun kò gba fọ́tò, kó dá owó àwọn ọmọ òun padà. Owó ọ̀hún sì ti wọ inú bébà àti férémù. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ìnáwó ó tó. Ni Bùọ̀dá bá gbé kámẹ́rà, ó wọ mọ́tò, ó di Dúgbẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àgbà kì í wà l'ọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀gá wo fọ́tò náà títí, ó rẹ́rìn-ín. "Kámẹ́rà rẹ lè má bàjẹ́ o. Ìwọ lo kò sọ ohun tó máa wò fún un."

Nígbà tí ọ̀gá yìí ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí lẹ́ńsì títí àwòrán yóò fi mú. Ilé iṣẹ́ Konica ní ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ kó kámẹ́rà tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ sọ́jà lọ́pọ̀ yanturu, ní 1977. Minolta gbé tirẹ̀ tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì jáde ní 1985, ó sì gbayì káàkiri. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló yí padà, bí àwọn ènìyàn ṣe ń ya fọ́tò náà yí padà. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé lórí fọ́tò Yorùbá ní 1978, ṣe àkíyèsí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é: wọn á jókòó, wọn á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, wọn á gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara á sì hàn. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ayàwòrán á sún sẹ́yìn, á pa ẹnu lẹ́ńsì dé. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì 50 mm ni, tí ẹnu rẹ̀ wà ní 8, tí ẹni tí wọ́n ń yà sì wà ní mítà 4, ohun tó máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn ju mítà 3 lọ. Bí ọwọ́ tilẹ̀ ṣì díẹ̀, ta ni yóò mọ̀?

Ayé ìsinsìnyí kọ́, níbi tí oníbàárà ti fẹ́ kí wọ́n ya ojú òun nítòsí, kí ẹ̀yìn sì fẹ́ lọ. Ọ̀gá fa tépù télọ̀ yọ. "Dúró ní mítà 2 sí Mọ́mì, kí o la lẹ́ńsì 85 yìí dé 1.8. Lórí kámẹ́rà tí àwo inú rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35 mm àtijọ́, gbogbo ibi tó máa mú kò ju ínṣì 2 lé díẹ̀ lọ. Wo tépù. Láti ṣóńṣó imú ènìyàn dé etí ju ínṣì 4 lọ. Ojú àti etí ò lè mú pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan lo máa mú. Èwo lo mú?"

Bùọ̀dá dákẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé ó jẹ́ kí kámẹ́rà yan ibi tó wù ú. Kámẹ́rà kò mọ ìyá, kò mọ gèlè. Ibi tí dúdú àti funfun bá ti pààlà dáadáa ló rọrùn fún un láti dì mú, ara òfì, gèlè àti iyùn sì kún fún irú ààlà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àpótí kéékèèké tó máa ń hàn nínú kámẹ́rà, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ayàwòrán yàn, kó sì gbé e lé ojú tó súnmọ́ ọn jù.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ń fi àpótí àárín mú ojú, tí wọ́n á wá yí kámẹ́rà sísàlẹ̀ kí aṣọ lè wọlé. Bí wọ́n bá yí i ní díìgírì 8 péré ní mítà 2, ibi tó mú á ti sún sẹ́yìn ojú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ìyá bá tún mí, tàbí tí ayàwòrán fì síwájú díẹ̀, ó ti bọ́. Àpótí náà gan-an ni kí wọ́n sún lọ bá ojú. Ẹni tí kì í dúró sójú kan, kí wọ́n lo AF-C fún un, èyí tí Canon ń pè ní AI Servo, kí kámẹ́rà lè máa tẹ̀ lé e títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Gèlè ńlá máa ń ṣíji bo ojú. Inú òkùnkùn, lẹ́ńsì á máa lọ, á máa bọ̀, kò ní rí ibi dì mú. Kí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn tàbí ti iná bọ́ sójú ẹni náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá pé, tí fọ́tò ṣì ń bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà gbogbo, a jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò. Kámẹ́rà tó ní dígí nínú, nǹkan tó fi ń wọn ọ̀nà yàtọ̀ sí àwo tí àwòrán ń bọ́ lé. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba tó, ẹnu lẹ́ńsì 8 á bo àṣírí, 1.8 á tú u. Ọ̀gá gbé agolo mílíìkì kan sórí tábìlì, ó fi rúlà dábùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé sítáǹdì, ó ní kó mú agolo. Nọ́ńbà ara rúlà tó wà ní ọ̀gangan agolo ló yẹ kó mú jù. Bó bá jẹ́ òmíràn, àwọn kámẹ́rà kan ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe nínú wọn, AF Fine Tune lára Nikon, AF Microadjustment lára Canon. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú ò ní i. Irú wọn, kí wọ́n máa lo Live View, tó ń wo orí àwo náà gan-an. Àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú kì í sábà ní àìsàn yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè wá ojú ènìyàn fúnra wọn. Síbẹ̀, kí ayàwòrán rí i pé ojú tó yẹ ni wọ́n mú.

Ti Bùọ̀dá, agolo mú, rúlà mú níbi tó yẹ. Kámẹ́rà ò jẹ̀bi. Bùọ̀dá dojú bolẹ̀.

Ọ̀gá ní, "J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín ní Ìbàdàn ní 1954, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Irun ló fẹ́ ká rí, irun ló sì mú. Òun ló yàn án, kì í ṣe kámẹ́rà. Ìwọ náà, yan tìẹ. Lẹ́ńsì là dé 1.8 kò ní kó o máa là á tán nígbà gbogbo. Èèyàn kì í tìtorí pé òun ra aṣọ olówó ńlá kó máa wọ̀ ọ́ ròko. Pa á dé 2.8, wàá rí ínṣì 3 àbọ̀. Pa á dé 4, wàá rí ínṣì 5. Kí oníbàárà tó dìde, fẹ ojú rẹ̀ lójú nínú gíláàsì yẹn kó o wò ó. Ohun tó dára ní kékeré lè dójú tini ní ńlá."

Bùọ̀dá padà sí Agbowó, ó lọ bẹ ìyá l'ọ́jà. Ó ní owó férémù àkọ́kọ́ di àdánù òun. Ìyá kùn, ṣùgbọ́n ó wá. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Bùọ̀dá pa ẹnu lẹ́ńsì dé 2.8, ó gbé àpótí lé ojú, ó yà á, ó fẹ̀ ẹ́ lójú títí tí wọ́n fi ń rí irun ìpéǹpéjú níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́ kí ìyá dìde.

Nígbà tí fọ́tò jáde, ìyá gbé e dání, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi rèé." Ó wá yí sí Bùọ̀dá.

"Ọmọ mi, bó o bá dé Bódìjà, yà sísọ̀ mi. Kóńgò kan rẹ ń dúró dè ọ́, á sì kún dáadáa."