Ìkórè Ní Ilẹ̀ Àjèjì



Nígbà tí àwa tọkọtaya ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gúúsù Kòríà, Chuseok, àjọ̀dún ìkórè wọn, bá wa níbẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, bí wọ́n ṣe ń fi òṣùpá kà á, ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìsinmi rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ aṣọ ìbílẹ̀ wá sí ilé ìwé láti mọ songpyeon, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń tẹ́ ewé igi páínì sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ooru sè é.

Ẹ̀rù bà wá, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé a máa gbé oúnjẹ síwájú àwọn baba ńlá wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ kan níbẹ̀ sọ fún wa pé ìsìn ìdílé ni àwọn ń ṣe dípò rẹ̀. A gbàdúrà, a sì bá àwọn ọmọ mọ àkàrà.

Ọmọ kan bi wá pé, “Ta ni ẹ̀yin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú yín?”

A ní, “Ọlọ́run tó ń rọ òjò ni.”

Bí a bá ti sá, ta ni ì bá bi wá?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìbẹ̀rù nìkan tọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó mọ Ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí. Ẹ bá wọn ka Ẹ́kísódù 23:16 lálẹ́ òní.