Ọkàn Ajá Ọdẹ

Bí ajá ọdẹ bá ń dúró mí hẹlẹhẹlẹ ní agbedeméjì ọ̀nà, tí ó sì ń húkọ́ lóru, a máa ń sọ ní ilẹ̀ Kétu pé ó ti ya ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má tètè gbé pàṣán. Ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀ ni ó ń ṣàárẹ̀.

Ní ọdún 1909, ní Lọ́ńdọ̀nù, Augustus Waller ki ẹsẹ̀ Jimmy, ajá rẹ̀, bọ omi iyọ̀, kí àwọn ènìyàn lè fojú rí iná mànàmáná inú ọkàn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí àwọn kan ní ó fìyà jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, omi iyọ̀ lásán ni! Lónìí, àwo irin kékeré kan wà tí a ń so pọ̀ mọ́ tẹlifóònù fún irú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àwo náà kò pàdánù. Nígbà tí ajá bá sùn fọnfọn, ẹ tan aago tẹlifóònù yín, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: bí àyà bá gòkè tí ó sì sọ̀ kalẹ̀, èémí kan nìyẹn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní alaalẹ́. Bí ó bá ń kọjá 30 lemọ́lemọ́, ẹ ya fídíò rẹ̀ lọ fún dókítà ẹran. Ó lè jẹ́ aràn inú ọkàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ó sì lè jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Tẹlifóònù kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ajá náà má ṣe bá ọdẹ wọ igbó.